Sàlẹ́ńsà Alùpùpù àti Ẹ̀tọ́ Aládùúgbò



Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá tètè kìlọ̀ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ mu wẹ́kú, nítorí pé ọ̀rọ̀ oorun òru ni, ọ̀rọ̀ aládùúgbò sì ni pẹ̀lú. Kòkòrò tí ibí yìí ń tọ́ka sí ni sàlẹ́ńsà alùpùpù tí a ti tú ìfun rẹ̀ dànù. Hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ ni ariwo tí ó ń jí ọmọ ọwọ́ lójú oorun, tí ó ń dá ìpayà sí aláìsàn lára, tí ó sì ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ olùkọ́ lẹ́nu ní kíláàsì.

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ti sọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ yìí. Ìró kẹ̀kẹ́ tí ó ní ẹ́ńjìnnì ni àwọn ènìyàn fi sọ ọ́ lórúkọ: alùpùpù, ohun tí ń lu pù-pù-pù bí ó ti ń lọ. Orúkọ kejì, ọ̀kadà, wá láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air, tí olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀, tí ó sì fi orúkọ ìlú Okada ní ilẹ̀ Ẹdó pè. Orúkọ kìíní ń sọ nípa ariwo, èkejì ń sọ nípa eré. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú ni pé àwọn ènìyàn ti da méjèèjì pọ̀, wọ́n gbà pé ariwo ni eré, pé alùpùpù tí kò bá pariwo kò lágbára. Ìgbàgbọ́ yìí kò tọ̀nà. Ó ń ná ọlọ́kadà lówó, ó ń gba etí rẹ̀, ó sì ń fi ẹ̀tọ́ aládùúgbò rẹ̀ dù ú.

Iṣẹ́ tí sàlẹ́ńsà wà fún

Nínú ẹ́ńjìnnì alùpùpù, epo bẹntiróòlù àti afẹ́fẹ́ máa ń pàdé nínú ihò kékeré kan, iná pílọ́ọ̀gì á sì ràn wọ́n. Ìbúgbàù náà ni ó ń ti písítìn sísàlẹ̀, òun ni ó sì ń yí táyà. Lẹ́yìn tí epo bá ti jó tán, èéfín gbígbóná ṣì wà nínú ihò náà pẹ̀lú agbára púpọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ jáde kí epo tuntun tó wọlé. Bí ọ̀nà bá ti ṣí fún un, ó máa ń tú jáde lójijì, gẹ́gẹ́ bí afẹ́fẹ́ ti í tú jáde nígbà tí táyà bá bẹ́.

Ní ti ẹ́ńjìnnì four-stroke, irú èyí tí ó wà lára ọ̀pọ̀ ọ̀kadà òde òní, ìbúgbàù kan ni ó ń wáyé nínú yíyí méjì. Bí ó bá ń yí nígbà 6,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìbúgbàù 3,000 ni ó wáyé, èyí tí í ṣe 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Ní ti two-stroke, irú èyí tí a máa ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, gbogbo yíyí kan ni ó ní ìbúgbàù tirẹ̀. Irú ẹ́ńjìnnì yìí ni ó wà lára ọ̀pọ̀ alùpùpù àtijọ́, òun náà sì ni púpọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì kékeré tí wọ́n ń so mọ́ kẹ̀kẹ́ ológeere.

Sàlẹ́ńsà ni ó ń gba gbogbo ìró yìí mọ́ra. Ẹni tí ó bá wò ó lóde yóò rò pé páìpù lásán ni. Ẹni tí ó bá là á yóò rí i pé iyàrá-iyàrá ni inú rẹ̀, pẹ̀lú ògiri irin àti àwọn páìpù wẹ́wẹ́ tí a lu ihò sí lára. Èéfín yóò wọ iyàrá kìíní, yóò ráyè tàn ká, ooru àti agbára rẹ̀ yóò sì dín kù. Yóò gba ihò wẹ́wẹ́ kọjá sí iyàrá kejì, yóò ṣẹ́rí padà, kí ó tó wá rí ọ̀nà jáde. Ìró tí ó lu ògiri yóò padà wá pàdé ìró tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọn yóò sì pa ara wọn. Nínú irú mìíràn, wọ́n máa ń fi òwú tí iná kì í tètè jó yí páìpù inú ká, kí ó lè fa ìró mu bí aṣọ ti í fa omi mu.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tàná. Ní ọdún 1897 ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Milton Reeves àti Marshall Reeves, ní ìpínlẹ̀ Indiana ní Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ lórí ohun èlò tí ń pa ariwo ẹ́ńjìnnì. Ó ti ju 100 ọdún lọ tí àwọn tí ń rọ ẹ́ńjìnnì ti mọ̀ pé ẹni tí ó bá gbé ariwo wọ àárín ọmọ ènìyàn gbọ́dọ̀ gbé ohun tí yóò pa á tẹ̀lé e.

Ariwo kì í ṣe agbára

Ohun tí wọ́n ń sọ ní ibùdó ọlọ́kadà ni pé bí a bá yọ ohun tí ó wà nínú sàlẹ́ńsà, èéfín yóò rí ọ̀nà jáde dáadáa, alùpùpù yóò sì sáré sí i. Ọ̀rọ̀ náà jọ òtítọ́ létí. Ẹ jẹ́ kí á yẹ̀ ẹ́ wò ní ti irú ẹ́ńjìnnì méjèèjì.

Ẹ́ńjìnnì two-stroke kò ní fáàfù bí èkejì rẹ̀. Písítìn fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣí ihò èéfín, tí ó sì ń dí i. Àkókò díẹ̀ wà nínú gbogbo yíyí tí ihò tí epo tuntun ń gbà wọlé àti ihò tí èéfín ń gbà jáde jọ ń ṣí sílẹ̀ pọ̀. Ní àkókò yẹn, díẹ̀ nínú epo tuntun á máa bá èéfín lọ síta láìtíì jó. Bí a bá ṣe páìpù náà bí ó ti yẹ, ìró tí ó lọ lu ìdí rẹ̀ tóóró yóò padà wá pẹ̀lú agbára, yóò sì ti epo tí ó fẹ́ sá lọ náà padà sínú ilé kí písítìn tó ti ilẹ̀kùn.

Ẹni tí ó sọ ọgbọ́n yìí di ńlá ni Walter Kaaden, onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ MZ ní ìlú Zschopau, ní apá ìlà-oòrùn Jámánì, láàárín ọdún 1953 sí 1961. Ó wọn páìpù, ó gé e, ó tún un wọ̀n, títí tí ẹ́ńjìnnì oní-125cc kan ṣoṣo fi ń mú agbára tí ó tó ti ẹṣin 25 jáde ní ọdún 1961. Nínú ọdún yẹn kan náà ni Ernst Degner, tí ń gun alùpùpù náà nínú ìdíje, sá kúrò ní ìlà-oòrùn Jámánì, ó sì gbé ìmọ̀ náà lọ bá ilé-iṣẹ́ Suzuki ní ilẹ̀ Japan. Ní ọdún 1962, Degner gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ti alùpùpù 50cc fún Suzuki. Àṣírí tí wọ́n tìtorí rẹ̀ sá kúrò ní ilé baba ẹni yìí kì í ṣe páìpù òfìfo. Páìpù tí a wọn gígùn rẹ̀, tí a wọn fífẹ̀ rẹ̀, tí a sì wọn fífún ìdí rẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi ayùn gé páìpù two-stroke kò tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sílẹ̀ rárá. Ọwọ́ tí ń dá epo rẹ̀ padà sílé ni ó gé.

Ní ti four-stroke, ọ̀rọ̀ kábúrétọ̀ ni. Ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe alùpùpù ti wọn ihò tí epo ń gbà wọlé nínú kábúrétọ̀ kí ó lè bá sàlẹ́ńsà tí wọ́n dè mọ́ ọn mu. Bí a bá tú inú sàlẹ́ńsà dànù, afẹ́fẹ́ tí ń wọlé yóò pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n epo kò ní bá a pọ̀ bí ó ti yẹ. Iná inú ẹ́ńjìnnì yóò wá le ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹnu pílọ́ọ̀gì yóò funfun, sàlẹ́ńsà yóò máa ta pàà-pàà nígbàkúùgbà tí a bá dẹwọ́ eré, bí ó bá sì pẹ́, fáàfù èéfín lè jó. Òótọ́ ni pé àwọn tí ń fi alùpùpù díje máa ń lo páìpù tí ó ya èéfín jáde kíákíá. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń tún kábúrétọ̀ ṣe mọ́ ọn, pápá ìdíje ni wọ́n sì ti ń gùn ún, kì í ṣe ẹ̀yìn fèrèsé ẹni tí ń sùn. Alùpùpù oní-100cc tí a fi ń gbé èrò, tí agbára rẹ̀ kò ju ti bí ẹṣin 8 lọ, kò lè rí èrè gidi kan nínú páìpù òfìfo. Ohun tí ó ń pọ̀ sí i ni ìró, etí sì ni ó ń tan ẹni tí ó gùn ún jẹ. Àgbá òfìfo ní í pariwo. Èyí tí ó kún kì í sọ̀rọ̀.

Àṣà mìíràn tún wà tí ó burú jù báyìí lọ. Níbi ìnáwó, ìsìnkú àti ìpolongo ìbò, àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń pa kọ́kọ́rọ́ alùpùpù lórí eré, wọn á tún ṣí i, kí sàlẹ́ńsà lè yìnbọn. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ni pé epo tí kò jó á kún inú páìpù gbígbóná, á wá bú gbàù níbẹ̀ nígbà tí iná bá padà. Ìbúgbàù tí ó yẹ kí ó wáyé nínú ẹ́ńjìnnì ni ó ń wáyé nínú sàlẹ́ńsà. Ó ń fa ògiri inú rẹ̀ ya, ó sì ń ba fáàfù jẹ́. Ní ìlú tí àwọn ènìyàn ti mọ ìró ìbọn gidi, irú eré báyìí lè tú ọjà ká, kí ọmọdé àti arúgbó sì fara pa níbi tí wọ́n ti ń sá.

Àwọn tí ariwo ń pa lára

Ẹni àkọ́kọ́ tí ariwo ń pa lára ni ọlọ́kadà fúnra rẹ̀. Dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì ni àwọn onímọ̀ fi ń wọn ìró. Ìwọ̀n tí àjọ NIOSH ti Amẹ́ríkà, tí ń mójútó ìlera òṣìṣẹ́, gbé kalẹ̀ ni pé ènìyàn kò gbọdọ̀ wà nínú ìró dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 85 ju wákàtí 8 lọ lóòjọ́. Bí dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 3 bá ti lé e, àkókò náà á já sí ìlàjì: 88 fún wákàtí 4, 91 fún wákàtí 2, 94 fún wákàtí 1. Bí ó bá dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ni ó ń jáde ní ìdájí, tí kì í wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tí ó bá gbé àgbá òfìfo sí ẹ̀yìn ara rẹ̀ fún irú wákàtí bẹ́ẹ̀ ń ta etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Nínú etí, àwọn irun tíntìntín kan wà tí ń gbé ìró lọ sí ọpọlọ. Bí ariwo bá pa wọ́n, wọn kì í hù padà. Kì í dun ènìyàn, kì í sì í ṣe ọjọ́ kan. Etí á kọ́kọ́ máa hó lálẹ́. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ ọmọdé àti ti obìnrin, tí ohùn wọn tinrín, á máa ṣòro láti gbọ́. Ìkẹyìn, fèrè ọkọ̀ ńlá tí ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní yé etí mọ́. Ọlọ́kadà tí kò gbọ́ fèrè ọkọ̀, ewu ni fún ara rẹ̀, ewu sì ni fún èrò tí ó gbé.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìlú. Ní ọdún 2018, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ilẹ̀ Yúróòpù gbani níyànjú pé kí ìró ọkọ̀ ojú pópó ní òru má ju dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 45 lọ, nítorí pé ariwo tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ ń ba oorun jẹ́. Ara ẹni tí ń sùn ń gbọ́ ariwo bí kò bá tilẹ̀ jí: àyà rẹ̀ á máa lù kíkan, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á sì ru. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, aboyún tí ó ń rọbí ní ilé ìwòsàn, akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdánwò rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, àti òṣìṣẹ́ òru tí ń sùn lọ́sàn-án, gbogbo wọn ni ó ń san nínú gbèsè tí wọn kò jẹ.

Èéfín náà kò gbẹ́yìn. Bí páìpù bá lu nítòsí ẹ́ńjìnnì, èéfín kò ní dé ìdí sàlẹ́ńsà kí ó tó tú jáde. Imú ọlọ́kadà àti èrò ni ó ń gba ibẹ̀ lọ. Gáàsì carbon monoxide tí ó wà nínú rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn, ṣùgbọ́n ó máa ń gba àyè afẹ́fẹ́ tí ń ró ẹ̀mí nínú ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tan alùpùpù sínú iyàrá tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀, bí sàlẹ́ńsà rẹ̀ tilẹ̀ dára. Sàlẹ́ńsà ń pa ìró ni. Kì í pa májèlé.

Àwáwí pé ariwo ń gba ẹ̀mí là

Àwọn kan ń sọ pé ariwo ni ó ń jẹ́ kí onímọ́tò mọ̀ pé alùpùpù ń bọ̀, pé òun ni ó ń dáàbò bo ọlọ́kadà. Ó yẹ kí a dá àwáwí yìí lóhùn, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ní ọdún 1981, Harry Hurt àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Southern California gbé àbájáde ìwádìí jáde lórí ìjàǹbá alùpùpù 900 tí wọ́n lọ wò níbi tí ó ti ṣẹlẹ̀ ní agbègbè Los Angeles. Wọ́n rí i pé ó ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ewu wọ̀nyí lọ tí ó ti iwájú alùpùpù wá. Ẹnu sàlẹ́ńsà sì rèé, ẹ̀yìn ni ó kọ sí. Ẹ̀yìn ni ó ń ju èyí tí ó pọ̀ jù nínú ariwo rẹ̀ sí, sí àwọn tí alùpùpù ti kọjá lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tí ó ń bọ̀ níwájú, tí ó ti gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀, kì í gbọ́ ọ bọ̀rọ̀. Iná iwájú tí a tàn lọ́sàn-án, aṣọ tí ó hàn ketekete, fèrè tí a fun lákòókò àti àkẹtẹ̀ ààbò tí a so mọ́ àgbọ̀n ni ó ń gba ẹ̀mí là.

Yíyan sàlẹ́ńsà àti ìtọ́jú rẹ̀

Bí sàlẹ́ńsà bá bàjẹ́, ọ̀nà mẹ́rin ni ó wà níwájú ẹni tí ó ni alùpùpù. Ó lè ra tuntun tí a ṣe fún irú alùpùpù náà. Ó lè ra tòkunbọ̀. Ó lè gbé ti àtijọ́ lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà. Ó sì lè ra irú èyí tí wọ́n ń tà fún eré ìdíje. Ọ̀nà kìíní ni ó dára jù, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga. Ọ̀nà kejì dára bí a bá fi ojú ṣíṣí yàn án. Ẹni tí ó ń ra tòkunbọ̀ yẹ kí ó gbé e lọ́wọ́ wò bóyá ó wúwo, kí ó sì mì ín létí: bí nǹkan bá ń ró gbọn-gbọn nínú rẹ̀, ògiri inú rẹ̀ ti já. Kí ó wo inú rẹ̀ pẹ̀lú: bí ó bá lè rí ìmọ́lẹ̀ láti ẹnu dé ìdí, àfàìmọ̀ kí ó má jẹ́ pé òfìfo ni wọ́n ń tà fún un.

Ọ̀nà kẹta, ti wẹ́dà, kò ní ẹ̀gàn. Wẹ́dà tí ó mọ iṣẹ́ lè lẹ ihò tí ìpẹtà dá sí i lára, ó sì lè dá ògiri inú rẹ̀ padà sí àyè wọn. Kí oníbàárà sọ fún un ní kedere pé kí ó tún un ṣe, kí ó má tú u sófo. Ọ̀nà kẹrin ni kò bá ìgboro mu. Òwú inú irú sàlẹ́ńsà bẹ́ẹ̀ máa ń jó dànù bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ariwo rẹ̀ á sì máa pọ̀ sí i.

Ohun tí ó ń jẹ sàlẹ́ńsà jù ni ìpẹtà, omi ni ó sì ń fà á. Lítà epo kan tí ó jó máa ń mú omi tí ó tó bí lítà kan jáde nínú èéfín. Bí ìrìn bá gùn, ooru á lé omi náà jáde. Bí ó bá jẹ́ ìrìn kúkúrú ni, omi á kù sínú sàlẹ́ńsà, á sì máa jẹ irin láti inú wá. Ìdí nìyí tí a fi máa ń rí ihò kékeré kan lábẹ́ àwọn sàlẹ́ńsà kan: ọ̀nà omi ni, kì í ṣe àbùkù, kí ẹnikẹ́ni má dí i. Ní ti two-stroke, dúdú ọ́ìlì ni ó máa ń dí ihò inú rẹ̀, tí alùpùpù á fi máa wúwo lórí òkè. Oògùn rẹ̀ ni kí a yọ páìpù inú, kí a fọ̀ ọ́ mọ́, kí a sì dá a padà. Kí a sì po ọ́ìlì mọ́ epo níwọ̀n tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é sọ.

Kí a tún mọ̀ pé oníṣẹ́ ni sàlẹ́ńsà, ó ń jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an. Èéfín dúdú ń sọ pé epo ti pọ̀ jù. Èéfín tí ó jọ àwọ̀ aró lára four-stroke ń sọ pé ọ́ìlì ń jó nínú ẹ́ńjìnnì. Pípààrọ̀ sàlẹ́ńsà kò wo èyíkéyìí nínú wọn. Gáskẹ́ẹ̀tì tí ó wà láàárín páìpù àti ẹ́ńjìnnì yẹ kí ó di tuntun nígbàkúùgbà tí a bá tú u. Irin tí ó bo sàlẹ́ńsà kò gbọdọ̀ sọnù, nítorí òun ni kì í jẹ́ kí ó jó èrò lẹ́sẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ alùpùpù, apá ọ̀tún ni sàlẹ́ńsà wà. Kí èrò máa gba apá òsì gùn ún, kí ó sì máa gba ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Bí ó bá jó ènìyàn, omi tútù tí ń ṣàn ni kí a dà sí i fún ìṣẹ́jú 20, kì í ṣe epo pupa, kì í sì í ṣe ọṣẹ ìfọyín.

Òfin àti ìwà ọmọlúàbí

Òfin orílẹ̀-èdè yìí kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. Lábẹ́ àjọ NESREA, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2007 láti máa mójútó àyíká, ìlànà wà láti ọdún 2009 lórí ìkápá ariwo, òmíràn sì wà láti ọdún 2011 lórí èéfín ọkọ̀. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó náà ka èéfín àpọ̀jù sí ẹ̀ṣẹ̀. Lókè gbogbo rẹ̀ ni Ìwé Òfin ọdún 1999. Abala 23 ka ìkóra-ẹni-níjàánu, ìṣòótọ́, iyì iṣẹ́, ìdájọ́ òdodo láwùjọ, ìfaradà ẹ̀sìn, ìgbára-lé-ara-ẹni àti ìfẹ́ orílẹ̀-èdè mọ́ ìwà tí a ń retí lára ọmọ Nàìjíríà. Abala 24 sì sọ ọ́ di ojúṣe gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè láti bọ̀wọ̀ fún iyì ẹlòmíràn, fún ẹ̀tọ́ rẹ̀ àti ire tí ó tọ́ sí i, kí wọ́n sì máa gbé pọ̀ ní ìrẹ́pọ̀.

Iyì iṣẹ́ wà nínú iṣẹ́ ọ̀kadà. Òun ni ó ń gbé olùkọ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ abúlé tí mọ́tò kì í dé, òun ni ó ń gbé aboyún lóru, òun ni ó ń kó ẹrù oko dé ọjà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fojú kéré ẹni tí ń fi òógùn ojú rẹ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ọlọ́kadà láti wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ kò pa ẹ̀tọ́ aládùúgbò rẹ̀ láti sùn rẹ́. Sàlẹ́ńsà tí ó pé ni ààlà tí ẹ̀tọ́ méjèèjì fi ń gbé ní àlàáfíà.

Nítorí náà, oníkálukú ní ipa tirẹ̀. Kí mẹkáníìkì kọ̀ láti tú inú sàlẹ́ńsà, kí ó sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún oníbàárà. Ọmọṣẹ́ tí ń kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ yóò kọ́ ìwà mọ́ ọn. Kí ẹgbẹ́ ọlọ́kadà máa yẹ sàlẹ́ńsà àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wò ní ibùdó, kí wọ́n sì dá àjọ tí ẹni tí tirẹ̀ bàjẹ́ lè yá owó níbẹ̀ láti tún un ṣe, kí àìlówó má di àwáwí. Kí òbí tí ó ra alùpùpù fún ọmọ rẹ̀ má ṣe fi ariwo yangàn. Kí baálẹ̀ àti olórí àdúgbò pe ọ̀dọ́ tí ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí kí ọ̀rọ̀ tó di ti ọlọ́pàá, nítorí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Kí àwọn tí òfin gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́ sì ṣe é bí òfin ti wí. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó gba owó lọ́wọ́ ọlọ́kadà, tí ó wá jẹ́ kí ó máa bá ariwo rẹ̀ lọ, kò dá ẹnikẹ́ni lójú àánú. Oorun ìlú ni ó tà. Èyí tí ó dá ọlọ́kadà dúró láìsí ẹ̀ṣẹ̀, kí ó lè rí owó gbà, ti jẹ̀bi ju ẹni tí ń pariwo lọ. Ìkìlọ̀ ni kí ó kọ́kọ́ wá, kí àyè àtúnṣe tẹ̀lé e, kí ìjìyà tí ó bá òfin mu sì jẹ́ ìkẹyìn.

Ọmọlúàbí kì í dúró kí ọlọ́pàá dé kí ó tó ṣe ohun tí ó tọ́. Bí ó bá ń wọ àdúgbò lóru, á dẹwọ́ eré. Bí ó bá ń kọjá níwájú ilé ìwòsàn, ilé-ẹ̀kọ́, mọ́sáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, á rántí pé ènìyàn wà nínú rẹ̀. Alùpùpù rẹ̀ á lágbára, epo rẹ̀ á pẹ́, etí rẹ̀ á yè títí di ọjọ́ ogbó, àwọn aládùúgbò rẹ̀ á sì máa sùre fún un láìmọ ìgbà tí ó kọjá.

Kí Ọlọ́run bùkún ìlú yìí, kí Ó sì bùkún orílẹ̀-èdè Nàìjíríà.